Ẹ̀yìn bàbá sójà yẹn: bí àwọn mẹ̀kúnnù Róòmù ṣe kó jáde nílùú lọ́dún 494

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí látìbẹ̀rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó máa ń sọ ọ́, ibi tó dùn létí ni wọ́n máa ń sáré lọ bá, wọ́n á ní bàbá kan tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ ló pa àlọ́ fáwọn mẹ̀kúnnù Róòmù tó ń bínú, inú wọn yọ́, wọ́n padà sílé, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ gbèsè ni, ọ̀rọ̀ ẹgba ni, ara èèyàn gan-an ni wọ́n ń jà lé lórí. Gbogbo ọdún tí mo bá dá níbí, kí wọ́n tó bí Jésù ni, ó ń kà sẹ́yìn, 495 ló ṣáájú 494, kó má baà rú yín lójú.

Róòmù tí mò ń wí yìí kì í ṣe Róòmù ńlá tó wá ní Íjíbítì àti Sípéènì lábẹ́ lẹ́yìn náà. Ìlú kékeré létí odò Tiber ni, àwọn tó yí i ká kì í jẹ́ kó sùn, bí ò bá jẹ́ Volsci á jẹ́ Sabine, bí ò bá jẹ́ Sabine á jẹ́ Aequi. Lọ́dún 509, bí àwọn fúnra wọn ṣe ń kà á, wọ́n lé ọba tó kẹ́yìn nílùú, Tarquinius, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọba mọ́, kọ́ńsúlì méjì làwọn á máa yàn lọ́dọọdún, tí ọdún bá pé kí wọ́n gbé e sílẹ̀ fẹ́lòmíì. Ó dáa létí. Àmọ́ ta ló ń jẹ kọ́ńsúlì? Àwọn ọmọ ilé ńlá ni, àwọn tí wọ́n ń pè ní patricii. Àwọn náà ló jókòó sí Sẹ́nétì, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ìlú, àwọn náà ni àlùfáà, àwọn náà ló ń dájọ́, òfin ò sì tíì sí nínú ìwé kankan nígbà yẹn, ohun tí wọ́n bá ní òfin wí lòfin wí. Àwọn tó kù, àgbẹ̀, oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣòwò, plebs ni wọ́n ń pè wọ́n. Èmi á máa pè wọ́n ní mẹ̀kúnnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn lówó lọ́wọ́ díẹ̀.

Ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí ná. Àgbẹ̀ tó ní oko kékeré yẹn náà ni sójà. Kò sí sójà tó ń gbowó oṣù nígbà yẹn o, ìwọ lo máa ra apata àti ọ̀kọ̀ ẹ, ìwọ lo máa fi oko sílẹ̀ lásìkò tí iṣẹ́ oko le jù, torí ìgbà tí ojú ọjọ́ dáa náà ni wọ́n ń jagun. Tí o bá fi máa dé, igbó ti gba oko, tàbí kí ọ̀tá ti jó o. Owó orí ogun sì ń dúró dè ẹ́. Kí lo fẹ́ ṣe? Wàá lọ bá olówó. Owó kọ́ìnì gan-an ò tíì sí nílùú wọn, idẹ ni wọ́n á gbé sórí òṣùwọ̀n níwájú ẹlẹ́rìí, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún ẹ, ohun tí ìwọ náà sì fi dúró fún un ni ara ẹ. Nexum ni wọ́n ń pè é. Àwa tí àwọn bàbá wa mọ ìwọ̀fà, ó yẹ kó tètè yé wa, àmọ́ kò rí bákan náà, torí ìwọ̀fà tó dàgbà lè ṣiṣẹ́ olówó tán kó gba oko tiẹ̀ lọ, ilé ẹ̀ náà ló ń sùn. Ti Róòmù, tí owó náà ò bá ti ṣeé san, olówó lè mú ẹ lọ sílé ẹ̀, kó dè ẹ́ mọ́lẹ̀, kó máa nà ẹ́. Èlé ń gun orí èlé, àwọn tí o yáwó lọ́wọ́ wọn náà ló ń dá ẹjọ́ ẹ.

Lọ́dún 495, ìlú ti ń kùn tẹ́lẹ̀, àfi bí bàbá kan ṣe já wọ gbàgede ọjà wọn lójijì, Forum. Livy tó kọ ìtàn yìí ò dárúkọ ẹ̀. Aṣọ tó wọ̀ dọ̀tí kọjá sísọ, ara ẹ̀ ti rù, ó ti funfun bíi ti òkú, irùngbọ̀n àti irun orí ẹ̀ kún bo ojú débi pé ó jọ ẹranko igbó. Síbẹ̀ àwọn èèyàn dá a mọ̀! Wọ́n ní ṣé kì í ṣe bàbá tó ti ṣe ọ̀gá sójà rí nìyí, tó ń darí ọ̀wọ́ àwọn jagunjagun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ogun tó ti jà. Òun náà ṣí àyà, àpá ọgbẹ́ kún ibẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló wá dé. Ó ní nígbà tóun wà lójú ogun Sabine, ọ̀tá ba oko òun jẹ́, wọ́n jó ilé òun, wọ́n kó ẹran òun lọ, ìgbà yẹn náà ni wọ́n wá ní kóun wá san owó orí. Òun yáwó. Èlé kó ilẹ̀ tí bàbá àti bàbá bàbá òun fi sílẹ̀ lọ, ó kó ohun ìní tó kù, ó wá dà bí àrùn tó ń jẹni, ó dé ara òun. Ó ní ẹni tóun jẹ ní gbèsè mú òun lọ, kì í ṣe ẹrú lásán ló fi òun ṣe, ilé ìyà ló kó òun sí. Ló bá yíjú padà, ó fi ẹ̀yìn hàn wọ́n. Ojú ẹgba ṣì tutù níbẹ̀.

Ẹ wò ó, ibí yìí ni mi ò lè kà kọjá láìdúró. Àpá ogun wà láyà torí ọ̀tá ló kọjú sí. Àpá ẹgba wà lẹ́yìn, ọmọ ìlú ẹ̀ ló sì nà án. Àwọn tó wà lọ́jà ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún wọn mọ́.

Ariwo ta. Àwọn onígbèsè tú síta láti gbogbo àdúgbò, àwọn tí ẹ̀wọ̀n ṣì wà lọ́wọ́ wọn náà jáde, wọ́n ń ké pé kí ará ìlú gba àwọn. Díẹ̀ báyìí ló kù kí wọ́n lu àwọn sẹ́nétọ̀ tó wà nítòsí. Kọ́ńsúlì méjì ọdún yẹn sáré dé, Publius Servilius àti Appius Claudius. Servilius ní ká fi pẹ̀lẹ́tù ṣe é, Appius ní rárá o, ẹ mú èèyàn kan tàbí méjì, àwọn tó kù á panu mọ́. Wọ́n ṣì ń fà á lọ fà á bọ̀ nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin láti ilẹ̀ Latin sáré wọlé pé àwọn Volsci ti kó ogun, wọ́n ń bọ̀ wá gba ìlú. Inú àwọn mẹ̀kúnnù dùn! Wọ́n ní kí àwọn tó ń jẹ èrè ogun lọ jagun fúnra wọn.

Servilius wá kéde: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ de ọmọ Róòmù mọ́lẹ̀ débi tí kò fi ní lè wá forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ogun, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gba ẹrù sójà tàbí kó tà á nígbà tí onítọ̀hún bá wà ní ibùdó, ọmọ àti ọmọ ọmọ ẹ̀ náà, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ báyìí, àwọn onígbèsè ló sáré wá forúkọ sílẹ̀ jù. Wọ́n dé ojú ogun, kò sẹ́ni tó jà tó wọn. Wọ́n ṣẹ́gun Volsci, wọ́n gba ìlú Suessa Pometia, wọ́n ṣẹ́gun Sabine àti Aurunci mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Wọ́n wá padà sílé, wọ́n ń retí kí Servilius mú ìlérí ṣẹ. Appius ti jókòó sí kóòtù. Gbogbo ẹjọ́ gbèsè tó dé iwájú ẹ̀, olówó ló ń dá a fún, àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ kí wọ́n lè lọ jà, ó dá wọn padà sínú ìdè. Sójà tó bá sáré lọ bá Servilius, Servilius á máa wo ọ̀tún wo òsì, kò fẹ́ já mẹ̀kúnnù kulẹ̀, kò sì fẹ́ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ jà, ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ẹ̀, ìhà méjèèjì ló kórìíra ẹ̀. Tèmi ni pé Servilius ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ju Appius lọ, torí Appius, o mọ ibi tó dúró sí. Ẹni tó ṣèlérí fún ẹ kó o lè lọ kú, tó wá ń mójú kúrò nígbà tó o padà dé láàyè, kí lo fẹ́ pe ìyẹn? Lọ́dún yẹn náà wọ́n fẹ́ ṣí tẹ́ńpìlì òrìṣà wọn kan, Mercury, kọ́ńsúlì méjèèjì ń bá ara wọn du iṣẹ́ náà, wọ́n ní kí aráàlú yàn nínú wọn. Aráàlú fo àwọn méjèèjì dá, wọ́n gbé e fún sójà kan, Marcus Laetorius. Ìkìlọ̀ nìyẹn, àwọn ọlọ́lá ò gbọ́ ọ.

Ọdún 494 wọlé, kọ́ńsúlì tuntun, Aulus Verginius àti Titus Vetusius. Àwọn mẹ̀kúnnù ti ń ṣèpàdé lóru báyìí, apá kan lórí òkè Esquiline, apá kan lórí Aventine, kí wọ́n má baà já lu ọ̀rọ̀ lọ́jà láìmúra. Ogun tún ń bọ̀. Kọ́ńsúlì jókòó, ó pe orúkọ ọkùnrin kan kó wá wọ iṣẹ́ ogun. Ọkùnrin náà dúró, kò dáhùn. Àwọn èèyàn yí i ká. Wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ kóòtù kó lọ mú un, wọ́n tì í sẹ́yìn. Àwọn mẹ̀kúnnù ní wọn ò lè tan àwọn jẹ mọ́, wọn ò ní rí sójà kan ṣoṣo mú àfi kí wọ́n kọ́kọ́ dá òmìnira padà fún kálukú.

Appius wá ní òun mọ ohun tó ń gùn wọ́n, ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn síwájú aráàlú tí kọ́ńsúlì bá dá wọn lẹ́bi. Ó ní ẹ jẹ́ ká yan díkítétọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí gbogbo agbára máa wà lọ́wọ́ ẹ̀ fúngbà díẹ̀, ẹjọ́ tíyẹn bá dá kò ní àtúnyẹ̀wò. Wọ́n gbà fún un, àmọ́ wọn ò fi òun fúnra ẹ̀ sí i, ìyẹn ì bá burú. Manius Valerius ni wọ́n yàn, ilé kan náà ló ti wá pẹ̀lú ọkùnrin tó ṣe òfin kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yẹn, ìdí nìyẹn táwọn mẹ̀kúnnù fi gbọ́kàn lé e. Òun náà ṣe irú ìkéde tí Servilius ṣe. Wọ́n tún gbà, wọ́n tún jáde. Livy ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun mẹ́wàá ni wọ́n kó jọ, pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Wọ́n ṣẹ́gun. Valerius lọ sí Sẹ́nétì, ohun àkọ́kọ́ tó gbé kalẹ̀ ni pé kí la fẹ́ ṣe fún àwọn onígbèsè. Wọ́n kọ̀ ọ́ fún un. Ó ní òun ò ní tan àwọn ará ìlú òun jẹ, tí wàhálà bá máa bẹ́, kó bá òun nílé bí ẹnikẹ́ni. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn mẹ̀kúnnù mọ̀ pé kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀, wọ́n sìn ín délé, wọ́n ń yìn ín.

Ẹ kà á, ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi ìlérí fa ọkùnrin jáde nínú ìdè, tó lọ fẹ̀jẹ̀ jà, tí ìlérí náà sì já a kulẹ̀ nígbà tó padà dé. Ẹni tó bá ní àwọn èèyàn yìí ò ní sùúrù, kó lọ tún un kà.

Sẹ́nétì wá ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá tú àwọn ọmọ ogun ká, ìpàdé òru máa padà. Àwọn sójà yẹn ti búra fún kọ́ńsúlì, ìbúra ò tíì tú, wọ́n bá ní Aequi tún ti ń múra ogun, ẹ jáde lọ. Irọ́ yẹn ló fọ́ ọ. Àwọn kan ní ká pa àwọn kọ́ńsúlì kí ìbúra lè tú, àwọn àgbà inú wọn ní rárá, èèyàn kì í fi ìpànìyàn tú ohun tó fi òrìṣà búra sí. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sicinius ló wá gbà wọ́n nímọ̀ràn, wọ́n bá gbéra, láìgbàṣẹ lọ́wọ́ kọ́ńsúlì kankan, wọ́n kọjá odò Anio, wọ́n lọ sí orí òkè kan tó tó máìlì 3 sí Róòmù, Òkè Mímọ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan ní Aventine ni, àmọ́ Òkè Mímọ́ ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ.

Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ló jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn. Wọn ò ní ọ̀gágun, síbẹ̀ wọ́n gbẹ́ yàrà, wọ́n mọ odi yẹ̀pẹ̀ yí ibùdó wọn ká gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wọn lójú ogun. Wọn ò jó oko ẹnikẹ́ni. Wọn ò kó ohunkóhun àfi oúnjẹ tí wọ́n máa jẹ. Wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, wọn ò lu ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni ò sì lù wọ́n.

Nínú ìlú, ẹ̀rù ti bà wọ́n débi tí wọn ò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe. Àwọn mẹ̀kúnnù tó kù nílé ń bẹ̀rù kí àwọn sẹ́nétọ̀ má lọ pa wọ́n, àwọn sẹ́nétọ̀ náà ń bẹ̀rù wọn, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n máa lọ ló dáa àbí kí wọ́n dúró. Tí Volsci bá dé lọ́la, ta ló fẹ́ jà? Ta ló fẹ́ ro oko? Àwọn tó ń pe ara wọn ní ìlú látọjọ́ yìí wá rí i pé ilé ńlá àti àga lásán ló kù sí wọn lọ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rán Menenius Agrippa. Ó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ, Livy sì ní láàárín àwọn mẹ̀kúnnù náà ni orírun ẹ̀ ti wá, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀. Àlọ́ tó pa fún wọn nìyí: láyé ọjọ́un, gbogbo ẹ̀yà ara bínú sí ikùn, wọ́n ní àwọn ń ṣiṣẹ́, ikùn kàn jókòó láàárín, ó ń gbádùn. Wọ́n dìtẹ̀, ọwọ́ ò gbé oúnjẹ mọ́, ẹnu ò gbà á, eyín ò rún un. Bí wọ́n ṣe ń fi ebi pa ikùn, bẹ́ẹ̀ làwọn náà ń rù, gbogbo ara fẹ́ kú, wọ́n wá mọ̀ pé ikùn náà ń ṣiṣẹ́, òun ló ń pín ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé wọn ró ká gbogbo ara.

Wọ́n ní àlọ́ yìí ló tù wọ́n lójú. Èmi ò rò pé ìyẹn ló parí ìjà. Àlọ́ náà dùn, bàbá náà sì ní ọkàn tó dáa, àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, nínú àlọ́ ẹ̀, ikùn ò na ọwọ́ rí. Ikùn ò de ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ torí èlé. Bàbá tó já wọ ọjà lọ́dún 495, kì í ṣe pé ó ń ṣìlara ẹni tó jókòó jẹun, ẹ̀yìn ẹ̀ ló fi hàn. Àwọn tó wà lórí òkè náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ àlọ́ tán, wọn ò dìde padà sílé, àdéhùn ni wọ́n jókòó ṣe.

Ohun tí wọ́n gbà ni pé kí àwọn náà ní olórí tiwọn, tíríbúnì, mẹ̀kúnnù ni yóò jẹ́, kò sí ọmọ ilé ńlá kankan tó lè jẹ ẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti gba mẹ̀kúnnù sílẹ̀ lọ́wọ́ kọ́ńsúlì. Ara tíríbúnì di èèwọ̀. Wọ́n búra pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, onítọ̀hún ti di ẹni ègún, ẹnikẹ́ni lè pa á láìjẹ̀bi, ẹrù ẹ̀ á sì di ti òrìṣà wọn, Ceres. Gaius Licinius àti Lucius Albinus ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, wọ́n fi àwọn mìíì kún un, Sicinius tó mú ìmọ̀ràn wá wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ń wọ́ ẹ lọ, tíríbúnì á wá dúró sáàárín ìwọ àti ẹni tó ń wọ́ ẹ, fúnra ẹ̀, ara ẹ̀ gan-an ló máa fi dí wọn lọ́nà. Nígbà tó yá, ó di òfin pé tíríbúnì ò gbọ́dọ̀ sun ìta ìlú, ilẹ̀kùn ilé ẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ tì tọ̀sán tòru, kí ẹni tí wọ́n ń lé lè rí ibi sá wọ̀.

Gbèsè ńkọ́? Dionysius, Gíríìkì kan tó kọ ìtàn Róòmù, ní wọ́n fagi lé gbèsè àwọn tí ò lè san. Livy ò sọ ọ́ rárá, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé nexum fúnra ẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Ó máa ń dùn mí, àmọ́ mo tún rò pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìkéde gbèsè ti já wọn kulẹ̀, ìkéde èèyàn kan tó lè yí i padà lọ́la. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun tí wọ́n gbà ni ẹni tó máa wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ yí i padà.

Àwọn ọlọ́lá ò sì fẹ́ kó pẹ́. Oko ò rí ìtọ́jú nígbà tí wọ́n wà lórí òkè, ìyàn mú, wọ́n lọ ra ọkà dé Sísílì. Bí ọkà ṣe dé ni Coriolanus, ọmọ ilé ńlá kan, dìde ní Sẹ́nétì, ó ní tí àwọn mẹ̀kúnnù bá fẹ́ ọkà ní iye tí wọ́n ń rà á tẹ́lẹ̀, kí wọ́n dá agbára tí wọ́n gbà padà. Ẹni tí ebi ń pa ló ń ná ọjà yìí fún o! Àwọn tíríbúnì pè é lẹ́jọ́, ó sá lọ bá Volsci.

Agrippa ti kú nígbà yẹn, lọ́dún 493. Owó tó fi sílẹ̀ ò tó sin ín. Àwọn mẹ̀kúnnù ló dáwó, kálukú mú ìdá kan nínú mẹ́fà owó idẹ kan wá, wọ́n fi sin ín. Mo ti bá àlọ́ ẹ̀ jà lókè yìí, àmọ́ mi ò lè bá bàbá yẹn jà. Ó wà láàárín wọn, ó kú láìní nǹkan, àwọn tó lọ bẹ̀ lórí òkè ló gbé e lọ.

Nígbà tí wọ́n wá kọ òfin sílẹ̀ níkẹyìn, Òfin Tábìlì Méjìlá, 451 sí 450, ìdè gbèsè ṣì wà nínú ẹ̀. Wọ́n fún onígbèsè ní 30 ọjọ́ kó fi wá owó, lẹ́yìn ìyẹn olówó lè dè é, wọ́n kọ ìwọ̀n irin tí wọ́n lè fi dè é síbẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé kí wọ́n fún un ní ọkà pọ́n-ùn kan lójúmọ́ tí kò bá rí tiẹ̀ jẹ. Tí 60 ọjọ́ bá pé tí kò sẹ́ni tó san án, wọ́n lè tà á sí òdìkejì odò Tiber.

Lọ́dún 326, bí Livy ṣe kà á, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gaius Publilius wà nílé olówó torí gbèsè bàbá ẹ̀. Olówó náà, Lucius Papirius, fẹ́ bá a lò pọ̀, ọmọ náà kọ̀, wọ́n bọ́ aṣọ ẹ̀, wọ́n nà án bí ẹni máa kú. Ó já sí ìgboro, ó ń ké. Àwọn èèyàn tẹ̀ lé e dé ọjà, láti ibẹ̀ wọ́n dé ẹnu ọ̀nà Sẹ́nétì. Bí sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń wọlé, wọ́n ń wólẹ̀ síwájú ẹ̀, wọ́n ń nawọ́ sí ẹ̀yìn ọmọ náà. Ọjọ́ yẹn ni Sẹ́nétì ní kí àwọn kọ́ńsúlì gbé òfin lọ bá aráàlú pé ẹrù onígbèsè ni kí wọ́n máa gbà, kì í ṣe ara ẹ̀. Wọ́n tú àwọn tó wà nínú ìdè sílẹ̀.